Ajá Alágbára àti Òfin: Ìtàn kan láti Jamestown

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ajá tí à ń pè ní XL Bully mọ́, àfi ẹni tí ó bá ti gba ìwé àṣẹ fún un. Láti òpin oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ìjọba ti kà á léèwọ̀ láti ta irú ajá náà, láti fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, láti mú un bímọ, tàbí láti mú un jáde láìso ó ní okùn àti láìdì í lẹ́nu. Àwọn tí ó ni wọ́n sáré gba ìwé fún ajá tí ó lé ní 50,000. Ìròyìn náà kò dúró sí Ìlú Ọba. Ó dé Accra, ó dé Èkó, nítorí pé ní ìlú méjèèjì ni àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹnu ti ń mọ ògiri gíga yí ilé wọn ká, tí wọ́n sì ń kó ajá ńlá sí ẹ̀yìn ògiri náà: Rottweiler láti Jámánì, Boerboel láti Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn mìíràn tí ẹni tí ń kọjá lọ kò mọ orúkọ wọn ṣùgbọ́n tí ó mọ ohùn wọn. Ìbéèrè tí ó sì jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn kò ju ọ̀kan lọ: ṣé kí ìjọba fi òfin de irú ajá bẹ́ẹ̀ níhìn-ín náà ni, tàbí kí a fi olúkúlùkù sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó rà?

Ìbéèrè náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, ó sì kan Áfíríkà ju bí ìwé ìròyìn òyìnbó ti ń sọ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lè dúró ní Jamestown, ní etí òkun Accra, kí ó sì bojú wẹ̀yìn. Àdúgbò àwọn apẹja ni, agbo ilé fara ti agbo ilé, ilé iná tí ń darí ọkọ̀ ojú òkun sì ga ju gbogbo wọn lọ. Odi tí ó fún un ní orúkọ ni James Fort, tí ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Royal African Company kọ́ ní 1673. James tí a fi orúkọ rẹ̀ pe odi náà ni Ọmọba James, àbúrò Ọba Charles Kejì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò náà. Òwò wúrà àti òwò ẹrú ni iṣẹ́ wọn. Ní ìwọ̀n ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀, odi àwọn ará Họ́lándì ti wà láti 1649, èyí tí ó di Ussher Fort lẹ́yìn náà. Ní Osu, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ní tiwọn. Àwọn Gá ni onílẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn àwọn Gá fúnra wọn sọ pé láàrin àwọn tí ó wá bá Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ odi náà ni àwọn ènìyàn kan wà tí ó ti ìhà ìlà-oòrùn wá, láti Allada àti láti ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà lónìí. Ngleshie Alata ni à ń pe ìtẹ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, Wetse Kojo ni wọ́n sì ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti gbé Gánà rí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ọjà.

Àwọn òyìnbó inú odi wọ̀nyí kò dá wá. Wọ́n mú ajá wọn wá pẹ̀lú. Willem Bosman, ará Họ́lándì tí ó jẹ́ àgbà oníṣòwò ní Elmina, kọ ìwé kan nípa etí òkun yìí tí ó jáde ní 1704, ó sì fẹnu ba ọ̀rọ̀ ajá níbẹ̀. Ó ní ajá òyìnbó kì í pẹ́ ní Guinea kí ó tó yí padà: etí rẹ̀ a nà, a sì le bí ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àwọ̀ rẹ̀ náà a máa lọ sí ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, láàrin ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò ti burẹ́wà pátápátá, nígbà tí ó bá sì ti bímọ bí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gbígbó a di híhu. Charles Darwin mú ọ̀rọ̀ náà lò nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1868. Ohun tí Bosman pè ní ìbàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó má ju pé ajá òyìnbó ń gun ajá ìlú, ọmọ wọn sì ń jọ ìyá. Ajá ìlú tí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú náà, ajá elétí ṣóńṣó tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ni ọdẹ ń so saworo mọ́ lọ́rùn nílẹ̀ Yorùbá, òun ni à ń fi bọ Ògún, òun ni à ń sọ ní orúkọ bí Tanímọ̀la kí aládùúgbò tí ó ní etí lè gbọ́. Kò sí ẹni tí ó sìn ín nítorí kí ó lè fa ènìyàn ya. Bí ó bá sì ṣèèṣì bu ènìyàn jẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín ni a ń lọ, nítorí ajá kì í ro ẹjọ́.

Ní Ìlú Ọba ní ìgbà kan náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀ ajá líle jẹ́ ohun ìdárayá. A ó so akọ màlúù mọ́ òpó, a ó sì tú ajá sí i kí ó gbá a ní imú mú, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò máa pariwo, owó yóò máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orúkọ bulldog ti ibẹ̀ wá. Ní 1835 Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn fi òfin de eré náà. Ṣùgbọ́n òfin tí ó mú akọ màlúù kúrò lójú agbo kò mú ìfẹ́ tẹ́tẹ́ kúrò lọ́kàn àwọn òǹwòran. Akọ màlúù kò ṣeé fi pamọ́. Ajá méjì tí ń bá ara wọn jà ṣeé fi pamọ́ sínú yàrá abẹ́ ilé. Àwọn aláriwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í da bulldog pọ̀ mọ́ ajá kéékèèké tí ń lé eku, kí wọ́n lè rí ajá tí ó lágbára bí ti àkọ́kọ́ tí ó sì yára bí èkejì. Àwọn aṣíkiri gbé irú rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni ó ti tóbi sí i, tí ó sì gba orúkọ pit bull. Ní 1898 a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, United Kennel Club, láti máa kọ orúkọ ìran ajá yìí sínú ìwé. A lè sọ pé òfin kan ni ó ṣe agbẹ̀bí fún ajá tí òfin mìíràn wá ń lé kiri ní àádọ́jọ ọdún lé díẹ̀ sí i lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, ibi tí ajá alágbára ti kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dìde sọ̀rọ̀ lé lórí nítorí ẹ̀mí ènìyàn, Jàmáíkà ni, kì í ṣe London. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú tí a kó láti Gold Coast, láti inú odi James Fort àti àwọn odi mìíràn, ni ọkọ̀ gbé lọ sí erékùṣù náà. Koromanti ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń pè wọ́n, nítorí odi Kormantin tí ó wà ní ilẹ̀ Fante. Àwọn kan nínú wọn sá lọ sórí òkè, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, a sì ń pè wọ́n ní Maroon. Kojo ni orúkọ olórí wọn tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì jà títí Gẹ̀ẹ́sì fi bá a dá májẹ̀mú ní 1739. Orúkọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ajé ni láàrin àwọn Akan, orúkọ kan náà tí Wetse Kojo ti Jamestown ń jẹ́.

Májẹ̀mú náà dúró fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ní 1795, ní Montego Bay, a na Maroon méjì láti Trelawny Town ní pàṣán nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n jí ẹlẹ́dẹ̀, ẹrú ni a sì fún ní pàṣán náà láti nà wọ́n. Ẹ̀gàn yìí ni wọn kò lè gbà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ìbọn wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àfonífojì àti ihò àpáta ni àwọn Maroon ń gbé, wọ́n sì mọ gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀. Oṣù ń lọ, òkú ọmọ-ogun ń pọ̀ sí i. Nígbà náà ni ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin erékùṣù náà rán ọ̀kan nínú wọn, William Quarrell, lọ sí Kúbà, níbi tí àwọn Sípéènì ti ń sin ajá ńlá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa lépa ẹrú tí ó bá sá. Ní oṣù Kejìlá ó padà dé pẹ̀lú ajá bí 100 àti bí 40 ọkùnrin tí ń darí wọn.

R. C. Dallas, tí ó kọ ìtàn ogun náà ní 1803, sọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń jiyàn lórí ajá alágbára kà. Kò tíì sí ìjà kankan nígbà náà. A tú ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ajá náà kí ó lè mu omi. Ajá lọ sí ọ̀dọ̀ arúgbó obìnrin kan tí ó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń fi imú gbọ́ òórùn ọbẹ̀ náà. Ìyá yìí bínú, ó mú igi, ó nà án. Ajá gbá a ní ọ̀fun mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí olówó rẹ̀ fi bẹ́ ẹ lórí. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ẹni tí ń darí ajá wà nítòsí, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì rò pé ewu kankan wà. Igi tí ìyá náà mú, ohun tí ìyá èyíkéyìí ní Jamestown tàbí ní Ìbàdàn yóò ṣe sí ajá tí ó bá ń yọ imú sí ọbẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ajá ìlú ni, yóò ké, yóò sì sá.

Òkìkí àwọn ajá náà ṣe ju eyín wọn lọ. Bí àwọn Maroon ti gbọ́ pé wọ́n ti dé, ọ̀pọ̀ jọ̀wọ́ ara wọn. Ọ̀gágun George Walpole ti ṣèlérí fún wọn pé a kò ní lé wọn kúrò ní erékùṣù náà. Gómìnà Balcarres àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì da ìlérí náà. Ní 1796 a kó ènìyàn tí ó lé ní 500 sínú ọkọ̀ lọ sí Nova Scotia, nínú òtútù àti yìnyín, láti ibẹ̀ ni a sì tún ti kó wọn lọ sí Freetown ní 1800. Ìgbìmọ̀ náà fẹ́ fi idà ẹ̀yẹ dá Walpole lọ́lá. Ó kọ̀ ọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1796 ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní London. Ọ̀gágun Macleod dìde, ó ní ohun ìtìjú ni fún orílẹ̀-èdè tí ó pe ara rẹ̀ ní Kristẹni láti máa fi ajá dọdẹ ènìyàn. Dundas dáhùn fún ìjọba pé kì í ṣe London ni ó pàṣẹ rẹ̀. Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn àwọn ará Jàmáíkà ní àwíjàre tiwọn: bí àwọn ará Éṣíà bá lè fi erin jagun, tí gbogbo ayé sì ń fi ẹṣin jagun, kí ni ó burú nínú ajá? Àti pé, wọ́n ní, ìbẹ̀rù ajá ni ó fòpin sí ogun tí ìbá ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i. Ìjiyàn náà kò so èso òfin kankan. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òde òní. Ẹnì kan ń sọ pé ẹranko náà fúnra rẹ̀ ni ìkà. Èkejì ń sọ pé irinṣẹ́ lásán ni, ọwọ́ tí ó dì í mú ni kí a wò. Kò sì sí ẹni tí ó bi arúgbó tí ó ń se ọbẹ̀ léèrè.

A kò ní pẹ́ lórí Háítì, níbi tí Ọ̀gágun Rochambeau ti ilẹ̀ Faransé náà ti ra ajá láti Kúbà ní 1803 láti fi pa àwọn tí ń jà fún òmìnira. Ṣáájú kí ọdún náà tó parí ni a ti lé òun àti ogun rẹ̀ kúrò. Ti Bràsíl ni ó kan Jamestown gan-an. Nínú oko ńláńlá ilẹ̀ náà ni a ti sin ajá kan tí ó tóbi, tí àwọ̀ ọrùn rẹ̀ wú tí ó sì rọ̀, Fila Brasileiro. Ìtàn àwọn tí ń sìn ín sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣọ́ màlúù, láti lé ẹkùn ilẹ̀ wọn, àti láti lépa ẹrú tí ó bá sá, kí ó sì dá a mọ́lẹ̀ títí olówó yóò fi dé.

Ní oru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ó jẹ́ ẹrú àti àwọn tí ó ti ra ara wọn padà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia. A ṣẹ́gun wọn, a sì lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn fúnra wọn kó ẹrù wọn, wọ́n sì wọ ọkọ̀. Ní Èkó, Àgùdà ni a pè wọ́n. Àwọn tí ó sọ̀ sí Accra ní nǹkan bí 1836 gba orúkọ Tabom, nítorí pé "Tá bom" ni wọ́n máa ń fi dáhùn nígbà tí a bá kí wọn. Àwọn Gá fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n dá oko, wọ́n sì fi iṣẹ́ aṣọ rírán lókìkí. Ilé tí à ń pè ní Brazil House ṣì wà ní Jamestown. A tún un ṣe ní 2007. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ajá mẹ́rin sínú òfin ní 1991 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sìn wọ́n mọ́, Fila Brasileiro jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn mẹ́ta yòókù ni pit bull, Tosa láti Japan, tí a sìn fún ìjà ajá, àti Dogo Argentino, tí dókítà kan ní Córdoba bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀ ní nǹkan bí 1928 láti fi dọdẹ ìmàdò. Bí a bá fi àwọn ajá ṣọ́lé tí ó gbajúmọ̀ kún un, ìtàn kan náà ni. Dobermann gba orúkọ lára ọkùnrin kan ní Apolda ní Jámánì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba owó orí, tí kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn láti rí i lẹ́nu ọ̀nà. Rottweiler jẹ́ ajá àwọn alápatà. Boerboel ni ajá oko àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà, tí a kò dá ẹgbẹ́ tí ń kọ ìran rẹ̀ sínú ìwé sílẹ̀ títí di 1983, ní àárín ìgbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣàdédé lágbára. Ẹnì kan ní ohun tí ó fẹ́ fi agbára náà ṣe, ó sì ń yan ìyá àti bàbá fún ọmọ ajá títí ó fi rí ohun tí ó ń wá.

Òfin 1991 yìí yára jáde. Ní ìgbà ìrúwé ọdún náà ajá ti ṣe àwọn ènìyàn mélòó kan léṣe ní Ìlú Ọba, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà nínú wọn, ìwé ìròyìn sì ń pariwo lójoojúmọ́. Kenneth Baker, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, gbé àbá kalẹ̀. Ní oṣù Keje ó ti di òfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ilé ẹjọ́ bá ti gbà pé ajá kan jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin náà tí kò sì ní ìwé, pípa ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ní 1997 a yọ́ ọ díẹ̀, a fún adájọ́ ní àyè láti lo ọgbọ́n. Ìṣòro mìíràn kò ní àtúnṣe: pit bull kò ní ìwé ìdílé, nítorí náà téèpù ìwọ̀n ni ọlọ́pàá fi ń wọn orí, àyà àti ẹsẹ̀ ajá kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Àwọn tí ń sin ajá sì rí ọ̀nà gbà. Ní Amẹ́ríkà, láti ara pit bull náà, a dá ajá tí ó tún wúwo jù ú lọ, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú òfin. Òun ni XL Bully. Ní 2022, ènìyàn mẹ́wàá ni ajá pa ní Ìlú Ọba. Ìjọba sì tún fi orúkọ kan kún àwọn mẹ́rin.

Àwọn ìlú mìíràn ti gba ọ̀nà yìí lọ, wọ́n sì ti padà. Họ́lándì fi òfin de pit bull ní 1993, ó pa òfin náà rẹ́ ní 2008 nígbà tí ó rí i pé ìgéjẹ ajá kò dínkù. Ítálì ṣe ìwé orúkọ ajá eléwu ní 2003, ó fà á ya ní 2009. Denver ní Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ ní 1989. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 àwọn ará ìlú fi ìbò yí i padà, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ. Dẹ́ńmáàkì ní tirẹ̀ fi òfin de irú ajá mẹ́tàlá ní 2010. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní òpin ọdún 2022, lẹ́yìn tí pit bull ti pa àwọn ọmọdé, ènìyàn tí ó lé ní 100,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí a sìn ín nínú ilé mọ́.

Kò yẹ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń sọ pé olówó ajá ni ó burú, pé ajá kò burú, ń sọ òótọ́ kan wọ́n sì ń fi òmíràn pamọ́. Ajá ìlú tí a kò tọ́ dáadáa yóò já ènìyàn ní ẹsẹ̀ jẹ, yóò sì sá lọ. Ajá tí ó wọn 50 kìlógíráàmù, tí a ti fi ìran mẹ́wàá yàn pé kí ó má ṣe tú ẹnu rẹ̀, àṣìṣe kan péré tó láti pa ọmọdé. Agbára fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan. Àwọn tí ń sọ pé kí a kọ orúkọ ìran sínú òfin kí wàhálà lè tán náà kò wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀: ẹni tí ó fẹ́ ajá tí yóò dẹ́rù ba ènìyàn yóò rí i, bí orúkọ rẹ̀ bá ti ń yí padà ni owó rẹ̀ yóò máa gòkè.

Ní Gánà, kò sí òfin tí ó fi orúkọ ka irú ajá kankan léèwọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ajá wọlé láti òkèèrè ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹran ti ìjọba. Òfin àrùn ẹranko ti 1961 sì fún wọn ní agbára lórí ẹranko tí ó bá ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ajá ńlá kò pọ̀ ní Jamestown. Níbo ni a ó fi í sí? Odi kò sí láàrin agbo ilé àti agbo ilé, àgbàlá kan náà ni ìdílé púpọ̀ ti ń dáná, tí ọmọ ń sáré, tí apẹja ń tún àwọ̀n ṣe. Ní East Legon àti Cantonments ni ajá ńlá wà, lẹ́yìn ògiri, níbi tí ọlọ́dẹ, aránṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń bá a pàdé ní ọ̀nà ẹnu ibodè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, àdúgbò bí Jamestown ni wọ́n ti ń wá sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó ra ajá kọ́ ni ajá ń ṣe léṣe nígbà púpọ̀, ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àti ọmọ tí ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù.

Ewu tí ó sún mọ́ Jamestown jù ni dìgbòlugi, ajá tí ó sì ń gbé e kò ní orúkọ nínú òfin ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àrùn yìí ń pa ènìyàn bí 59,000 lọ́dọọdún ní ayé, pé ajá ni ó fà á nínú 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń kú jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Áfíríkà àti Éṣíà ni ó ń kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ìlú Ọba náà ní i rí. Ní àwọn ọdún 1890, mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀, Walter Long, pàṣẹ pé kí ajá ní agbègbè tí àrùn wà wọ ohun tí a fi ń dì wọ́n lẹ́nu. Àwọn olólùfẹ́ ajá bú u, wọ́n kọ lẹ́tà èébú sí i, wọ́n ní ìkà ni. Kò yí padà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀ àrùn náà ti lọ, àfi ìgbà díẹ̀ tí ó padà wọlé lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, a sì lé e jáde pátápátá ní 1922. Òfin Long kò béèrè irú ìran tí ajá jẹ́, kò sì nílò téèpù ìwọ̀n.

Iṣẹ́ tí ó ṣe é lónìí tún rọrùn ju ti Long lọ, nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Bí a bá gún ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní àdúgbò kan, àrùn náà kì í rí ọ̀nà kọjá mọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń béèrè pé kí a ka ajá, kí a mọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì lè bi í léèrè. Bí a bá sì ti mọ ẹni tí ó ni ajá kékeré ní Jamestown, a ó mọ ẹni tí ó ni ajá ńlá ní East Legon. Ìwé kan náà yóò sọ fún adájọ́ ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú ọlọ́dẹ tí ajá fà ya. Àwọn tí ó ní XL Bully ní England ń san owó adójútòfò nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti tẹ ajá náà lọ́dàá. Ní Accra, ẹni tí ó lè ra ọmọ Boerboel lè san owó adójútòfò pẹ̀lú.

Kí ètò náà tó dé, ohun tí ó wà lọ́wọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ajá bá bu jẹ, ńlá tàbí kékeré, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó má fi ata tàbí epo sí i, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Láti Jamestown, Ussher Hospital wà nítòsí, Korle Bu, tí Gómìnà Guggisberg ṣí ní 1923, sì wà ní òdìkejì ọ̀sà Korle. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá gba ti àkọ́kọ́ tí kò padà fún ìyókù kò tíì bọ́, nítorí dìgbòlugi lè fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, nígbà tí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn bẹ̀rù omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.